Wọ́n Ní Ká Fi Èdè Wa Sílẹ̀ Lẹ́nu Géètì

                                                            Ojúlé kẹtàdínlógún,
                                                            Àjà kẹta,
                                                            Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ.
                                                            Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. O kú ọjọ́ gbọọrọ. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà á láàmú ti jẹ́ kó ráyè sùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ń kó bàtà gbogbo ilé pamọ́ sábẹ́ ibùsùn? Ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jí ṣáájú gbogbo ayé kí wọ́n tó wá máa ṣàròyé pé àwọn ò rí oorun sùn? Bá mi kí wọn, kí o kúnlẹ̀ dáadáa nígbà tí o bá ń kí wọn fún mi.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọkọ mi ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ní kí n kí ọ. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́jọ. Ó ti ga dé èjìká mi, ẹnu rẹ̀ sì ti ga jù mí lọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò n kò kọ ọ̀rọ̀ kan sí ọ. Má bínú. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, n kò sì fẹ́ kọ ọ́ títí n ó fi mọ ibi tó máa já sí. Ó ti já síbì kan wàyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tán. Wá àga jókòó, ọ̀rọ̀ náà gùn.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní ilé ìfọṣọ yìí. Aṣọ àwọn ilé ìwòsàn là ń fọ̀: aṣọ ìbùsùn, aṣọ ìnura, aṣọ funfun àwọn dókítà. Obìnrin mẹ́rìnlélógún ló wà ní yàrá ìlọṣọ, mọ́kànlá nínú wa ló sì ń sọ èdè wa. Àwọn ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ní èdè tiwọn. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ náà ní tiwọn. Tí a bá fẹ́ bá ara wa sọ̀rọ̀ láti yàrá kan sí èkejì, èdè ọ́fíìsì la máa ń lò, kálukú sì ń sọ ọ́ bí ẹnu rẹ̀ ṣe lè gbé e. Kò sí wàhálà kankan. A ti jọ ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, aṣọ sì ń mọ́.

Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi sọ ọ́ ní Ẹ-dákẹ́, torí òun ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tó bá ti yọjú. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Kì í pariwo, kì í búni, bàtà rẹ̀ sì máa ń dán. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí o bá ń sọ ohun tí òun ò gbọ́, ó dá a lójú pé òun lò ń bú. Bí àwa méjì bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí, òun là ń bú. Bí a bá rẹ́rìn-ín, a ti pa á tán nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, a débi iṣẹ́, a bá ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ géètì. Ẹ-dákẹ́ tún lẹ òmíràn mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Ó ní èdè ọ́fíìsì nìkan ni ká máa sọ látìgbà tí a bá ti wọlé títí a ó fi jáde, àní nídìí oúnjẹ ọ̀sán pàápàá. Ó ní ìṣọ̀kan lòun ń wá, pé kí kálukú fi èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, yóò bá a níbẹ̀ tó bá ń padà lọ. Ẹni tó bá rú òfin yìí máa gba ìwé ẹ̀sùn. Tó bá ti di mẹ́ta, ìgbìmọ̀ máa pè é, tí iṣẹ́ á sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa sọ ìwé ẹ̀sùn náà ní wí-tẹnu-rẹ.

Mo gba àkọ́kọ́ nítorí ẹ̀dùn. Bàbá ọ̀kan nínú wa ló kú. Ó ń sunkún ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo sì dì í mú, mo ní kó pẹ̀lẹ́, pé ọjọ́ á jìnnà síra wọn. Èdè wo ni mo fẹ́ fi sọ ìyẹn? Ẹ-dákẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ̀wé. Èkejì, ẹ̀rín ló máa pa ọ́. Mo ń ka aṣọ ìbùsùn tó wà nínú àpò, mo sì ń kà á sókè bí a ṣe máa ń ṣe láti kékeré: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó ní kí n kà á ní èdè ọ́fíìsì. Mo kà á. Mo dé mọ́kàndínlógójì, mo fo ogójì, mo bọ́ sí àádọ́ta. Aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn kan dín lọ́jọ́ náà, wọ́n sì wá a títí. Síbẹ̀, wí-tẹnu-rẹ kejì kò ṣàì tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Ohun tó burú ni pé ẹ̀rù náà bá mi délé. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọmọ mi wà nínú bọ́ọ̀sì, ó sì ń rò fún mi bí olùkọ́ wọn ṣe ṣubú lórí àga, ohùn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀. Mo fi ìka sẹ́nu, mo ní kó dákẹ́. Kò sí ọ̀gá nínú bọ́ọ̀sì o. Kò sẹ́ni tó wò wá. Ọmọ náà wò mí, ó wá rọra bi mí bóyá ohun tí àwa ń sọ burú ni. Mo yíjú sí fèrèsé.

Jẹ́ kí n wá dé orí Ìyá Alọṣọ. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá. Ẹ̀rọ náà ní irin méjì tó nípọn bí òpó, tó gbóná janjan, tó ń yí. Èèyàn méjì á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á na etí aṣọ ìbùsùn, wọ́n á fi bọ̀ ọ́, aṣọ á sì jáde lódìkejì pẹrẹsẹ. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yẹn tó Ìyá Alọṣọ. Àmọ́ èdè ọ́fíìsì tó wà lẹ́nu wọn kò ju ìkíni òwúrọ̀ àti "ó ti parí" lọ. Láti ọjọ́ tí ìwé yẹn ti wà lára ògiri, ńṣe ni ìyá náà ń ti òwúrọ̀ ṣiṣẹ́ dalẹ́ láìlanu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó kù díẹ̀ ká lọ jẹun ọ̀sán. Èmi àti wọn la jọ ń fi aṣọ bọ ẹ̀rọ. Okùn kan tú lára etí aṣọ ìbùsùn, ó sì ká mọ́ ìka wọn méjì. Wọn ò rí i, wọ́n ti yíjú láti mú aṣọ mìíràn. Èmi rí i. Mo rí bí okùn náà ṣe ń fa ọwọ́ wọn lọ sẹ́nu irin. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju "Ẹ fa ọwọ́ yín!" lọ. Ó ti dé ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Ìwé méjì ti wà lọ́rùn mi, Ẹ-dákẹ́ sì dúró lẹ́yìn wa gangan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ èdè ọ́fíìsì nínú orí mi, bí ìgbà tí èèyàn ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó kún. Kí n tó rí i, Ìyá Alọṣọ ti ké. Ẹni tó wà lódìkejì ló tẹ bọ́tìnnì pupa tí ẹ̀rọ fi dúró.

Nílé ìwòsàn, wọn ò gé ìka náà, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ pé méjèèjì kò ní lè ká mọ́ láyé.

Ẹlẹ́rìn-ín, gbogbo ayé ni mo ti sọ fún pé ìwé ara ògiri ló jó ìyá yẹn lọ́wọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ èyí fún bó ṣe rí lára mi gan-an: èmi ni mo dákẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí mo bá ti gbé oúnjẹ sẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì yẹn ni mo ń tọ́ wò.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Ìyá Alọṣọ wá sí ibi iṣẹ́ tàwọn ti báńdéèjì lọ́wọ́. Ẹ-dákẹ́ pè wọ́n sí ọ́fíìsì, ó gbé ìwé kan síwájú wọn, ó ní kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ìròyìn ìjàǹbá náà ni, èdè ọ́fíìsì ni wọ́n sì fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun ní èdè tí òun gbọ́. Ẹ-dákẹ́ mi orí, ó ní òfin kò gba ìyẹn láàárín ọgbà yìí. Ìyá fi èdè wa sọ pé kò burú, pé láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò tíì buwọ́ lu ohun tí kò yé òun rí, òun ò sì ní fi ìka tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ni wọ́n bá jókòó. Wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n ń wo ògiri. Wákàtí kan kọjá. Àwọn akọ̀wé ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ẹni pé àga ni wọ́n.

A ń gbúròó gbogbo rẹ̀ ní yàrá ìlọṣọ. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Mo fi aṣọ tí mo ń ká sílẹ̀, mo wọ ọ́fíìsì lọ, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo mú ìwé náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní èdè wa, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, sókè ketekete. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ náà ni kò kíyè sára, Ìyá Alọṣọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn ò gbà. Mo kọ ọ́.

Wí-tẹnu-rẹ kẹta tẹ̀ mí lọ́wọ́ ká tó ṣíwọ́.

Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe ojo, ó kàn ń wo ilé àti ọmọ ni. Mo ti fẹ́ gbà fún un, kí n tó bá Bàbá Ògbufọ̀ pàdé lórí àtẹ̀gùn. Bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ni, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé lọ gbé ìwé òfin iṣẹ́ jáde, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó fi hàn mí níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá lẹ́jọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀ ní èdè tó bá yàn, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló sì máa wá ògbufọ̀. Ìkìlọ̀ ewu nídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí àwọn tó ń lò ó gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Bàbá wò mí lójú, ó ní, "Wọ́n ti ń retí ẹni tó máa wá bẹ̀bẹ̀. Má bẹ̀ wọ́n. Béèrè lọ́wọ́ wọn."

Ìgbìmọ̀ pè mí lọ́jọ́ Ẹtì. Yàrá kan lókè pátápátá, kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, tábìlì gígùn, ife omi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Obìnrin kan ni alága, ọkùnrin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ẹ-dákẹ́ jókòó sí ìkangun. Wọ́n ka ẹ̀sùn mi tán, wọ́n ní kí n fèsì. Mo fèsì ní èdè wa. Wọ́n wo ara wọn. Mo wá fi èdè ọ́fíìsì sọ ìwọ̀nba tó tó wọn: pé mo fẹ́ ògbufọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Alága ní ṣebí mo gbọ́ èdè ọ́fíìsì dáadáa. Mo wojú rẹ̀.

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, mà. Mo fi ń ra nǹkan, mo fi ń kí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni ọwọ́ èèyàn jó. Mi ò ní wá ọ̀rọ̀ lónìí."

Wọ́n sún ìjókòó náà síwájú di ọ̀sẹ̀ kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kì í ṣe èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ẹnu géètì, mo bá àwọn mẹ́wàá yòókù tó ń sọ èdè wa níbẹ̀, títí kan Ìyá Alọṣọ tí kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ ìwé yẹn gan-an, wọ́n ń kí ara wọn. Kì í ṣe ìkíni kékeré. Wọ́n ń béèrè ilé, wọ́n ń béèrè ọkọ, wọ́n ń béèrè ẹ̀gbọ́n ọkọ, wọ́n ń béèrè ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sìn. Ẹ-dákẹ́ yọ ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wí-tẹnu-rẹ. Kó tó kọ ìkẹrin tán, àwọn ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní èdè tiwọn. Àwọn ará ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ náà gbà á. Kálukú ń na ọwọ́ pé kó fún òun ní tòun. Ká má parọ́, ìwé tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé lọ tẹ òmíràn wá, akọ̀wé sì ní yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gbẹ. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, Bàbá Ògbufọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbìmọ̀ fúnra wọn ló wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, torí òun nìkan ni wọ́n rí. Ìyá Alọṣọ náà wá, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo rò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò fi ti èmi tó dákẹ́ pamọ́. Bàbá ń túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ tútù bí omi àmù, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ẹ-dákẹ́ ní tirẹ̀ sọ pé òun ò lérò ibi sí ẹnikẹ́ni, pé bí ilé kan bá ní èdè mẹ́rin, ìjà ló máa ń bí. Mo gbà pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló sọ. Alága wá bi Ẹ-dákẹ́ pé ká ní ó dúró níbi tí mo dúró lọ́jọ́ náà, kí ni ì bá sọ. Ó sọ ọ́ ní èdè ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Alága yíjú sí Ìyá Alọṣọ, ó pe ọ̀rọ̀ náà sí wọn, kedere.

Ìyá náà ò mira. Ọwọ́ wọn wà lórí tábìlì níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n rọra yíjú sí Bàbá Ògbufọ̀, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Ẹ-dákẹ́ ń wo bàtà rẹ̀.

Wọ́n ti ya ìwé géètì àti ti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti yọ ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú fáìlì mi, wọ́n sì fa ti àwọn ará ẹnu géètì ya. Wọ́n ti tún ìròyìn Ìyá Alọṣọ kọ, ní èdè méjì, kò sì sí àìkíyèsára níbẹ̀ mọ́. Ìkìlọ̀ ìdí ẹ̀rọ ti wà ní èdè mẹ́rin. Ìyá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń yẹ aṣọ wò kó tó jáde, ẹnu wọn kò sì dákẹ́ mọ́ látòwúrọ̀ dalẹ́. Àwa kan nínú wa ti ń fi àkókò oúnjẹ kọ́ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tara wa. Mo ti mọ "fa ọwọ́ rẹ" ní èdè mẹ́rin báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fi bí mo ṣe ń pe tiwọn rẹ́rìn-ín.

Má rò pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi o. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi kúrò ní yàrá ìlọṣọ lọ sí yàrá tí a ti ń ṣa aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Wọ́n ní ìyípadà iṣẹ́ lásán ni. Òórùn ibẹ̀ kò ṣe é ròyìn. Mo ti kọ̀wé ta ko ìyẹn náà, mo sì máa bá a dé ibi tó bá lè dé. Bí wọ́n bá rò pé òórùn ló máa pa mí lẹ́nu mọ́, wọn ò mọ mí.

Wàyí o, lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí o kọ wẹ́wẹ́ bí ẹni pé o ò fẹ́ kí n rí i, mo rí i. O ní olùkọ́ ọmọ rẹ ránṣẹ́ pè ọ́, pé kí ẹ má bá ọmọ náà sọ èdè wa nílé mọ́, pé èdè náà ló ń dí i lọ́wọ́ ìwé. O ní o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá wa ò ti rí ọmọ-ọmọ wọn bá sọ̀rọ̀ nínú ilé kan náà. Mi ò bá ọ wí. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bá ọ wí, lẹ́yìn ohun tí mo sọ fún ọ yìí? Ṣùgbọ́n ó ti tó. Lálẹ́ ọjọ́ tí o bá gba lẹ́tà yìí, pe ọmọ yẹn, kí o sì bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Ògbufọ̀ ti ń bá mi wá ohun tí òfin sọ nípa ilé ìwé. Mo ti gba àyè ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, ọ̀sán Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni n ó wọ ọkọ̀, a ó sì jọ lọ rí olùkọ́ náà ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ fún ìyá wa pé mò ń bọ̀ wá jẹ́ kí wọ́n ṣàròyé oorun sí mi létí. Má ṣe dá nìkan lọ sí ilé ìwé yẹn o. Tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè mí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,

Aláriwo.